Ìlà tó wà lára eyín: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìyà ìgbà èwe láàárín àwọn Máyà àtijọ́

Àwọn wo là ń pè ní Máyà?

Máyà kì í ṣe orúkọ ìlú kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe orúkọ ọba. Ẹ̀yà púpọ̀ tí èdè wọn bára tan ni. Ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ láti Yucatán àti Chiapas ní Mẹ́síkò, ó gba Guatemala àti Belize kọjá, ó sì dé ìwọ̀-oòrùn Honduras àti El Salvador. Láàárín ọdún 250 sí 900 Sànmánì Kristẹni ni Tikal, Palenque, Copán àti àwọn ìlú ọlọ́ba mìíràn rọ́wọ́ mú jù lọ. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ìlú tó wà ní gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í tú, igbó sì bo ààfin. Àwọn ènìyàn náà kò parẹ́ o. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ wọn ló wà láàyè lónìí, wọ́n ń sọ K'iche', Kaqchikel, Q'eqchi', Yucatec àti àwọn èdè mìíràn. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé egungun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní ọmọ àti àtọmọdọ́mọ.

Báwo ni eyín ṣe lè mọ̀ pé ọmọ ṣàìsàn?

Ẹ ronú nípa ògiri amọ̀ tí wọ́n ń mọ ní ìpele-ìpele. Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń mọ eyín nínú èrìgì kó tó yọ síta: láti orí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa mọ ọ́n lọ sí ìdí. Awọ funfun tó bo eyín, tí wọ́n ń pè ní ẹ́námẹ́lì, ló le jù nínú gbogbo ara ènìyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló sì ń tò ó. Bí ibà bá gbé ọmọ ṣánlẹ̀, tí ìgbẹ́ gbuuru bá bá a jà, tàbí tí oúnjẹ bá wọ́n nílé fún ìgbà díẹ̀, ara á kó ìwọ̀nba agbára tó kù lọ síbi tí ẹ̀mí ti ń wá ìrànlọ́wọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eyín á dẹwọ́. Ìpele tí wọ́n bá mọ ní àkókò yẹn á fẹ́lẹ́. Tí ara ọmọ bá yá, iṣẹ́ á padà sípò, ṣùgbọ́n ibi tó fẹ́lẹ́ náà á di ìlà tó rì wọnú, tó gba eyín kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Nígbà mìíràn, ihò wínníwínní ni yóò jẹ́. Èèyàn lè fi èékánná kan ìlà náà kó sì mọ̀ ọ́n lára.

Egungun máa ń tún ara rẹ̀ mọ láti ọdún dé ọdún. Ẹ́námẹ́lì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé tí ó bá ti parí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó mọ ọ́n á kú, kò tún sí ẹni tí yóò padà wá rẹ́ ibi tí kò dáa. Obìnrin Máyà tó kú lẹ́ni ogójì ọdún gbé àìsàn tó ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta wọ ibojì.

Ṣé a wá lè mọ ọjọ́ orí ọmọ náà nígbà tí ìyà dé?

A lè sún mọ́ ọn dáadáa, nítorí pé eyín kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tirẹ̀. Inú oyún ni eyín àkọ́hù, èyí tí ọmọ yóò ká tó bá yá, ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, àbùkù tó bá wà lápá òkè rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá kó tó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ: ó ń sọ bí oyún náà ṣe rí. Rebecca Storey, olùwádìí egungun àtijọ́, yẹ irú eyín yìí wò láti Copán ní Honduras, ó sì fi wé ti Teotihuacan, ìlú ńlá kan ní àárín gbùngbùn Mẹ́síkò tí kì í ṣe ti Máyà. Eyín ẹ̀yìn àkọ́kọ́ nínú àwọn tí a ń lò dàgbà ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àsìkò ìbí. Èyí tó ṣóńṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti iwájú ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin, orí rẹ̀ kì í sì í parí títí ọmọ á fi tó bí ọdún mẹ́fà. Tí wọ́n bá fi maikirosíkóòpù wò ó, àwọn ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín wà lára ẹ́námẹ́lì tí ara ń fi kún un lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 6 sí 12. Olùwádìí tó ní sùúrù lè kà wọ́n.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ṣìnà. Fún ìgbà pípẹ́, rúlà ni wọ́n fi ń wọn ibi tí ìlà wà lára eyín, wọ́n á ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó pọ̀ sí, wọ́n á sì parí ọ̀rọ̀ pé ìgbà tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu ọmọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, mo sì rí ìdí tí ó fi tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òkè eyín, ìpele tuntun máa ń bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá bí aṣọ tí a wọ̀ léra wọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìyà ọdún àkọ́kọ́ kò hàn síta rárá. Àárín eyín ni ìlà ti ń tètè hàn jù. Bí ìlà bá wá pọ̀ ní àárín, ó lè jẹ́ bí eyín ṣe rí ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmú.

Ẹ̀rí wo ló wà pé oúnjẹ ní ọwọ́ nínú rẹ̀? Àbí àbá lásán ni?

Ẹ̀rí wà lára àwọn alààyè. Ní abúlé Tezonteopan ní Mẹ́síkò (ti Máyà kọ́ o), wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní àfikún oúnjẹ láti kékeré, wọn kò fún àwọn kan. Nígbà tí àwọn ọmọ náà di ọ̀dọ́, Alan Goodman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo eyín wọn, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 1991: iye àwọn tó ní ìlà láàárín àwọn tí kò gba àfikún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó gbà á. Ní Guatemala fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní INCAP sílẹ̀ ní 1949, wọ́n rí i pé àìsàn pẹ̀lú ń fi ìlà sára eyín. Ebi àti àìsàn kì í rìn kí wọ́n jìnnà síra wọn nínú ara ọmọdé. Ọmọ tí kò jẹun kánú kò lè bá àrùn jà, èyí tí ìgbẹ́ gbuuru sì ń ṣe, bó jẹun náà kò lè dúró lára rẹ̀.

Mo gbọ́ pé wọ́n tún ń wo inú agbárí. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀?

Òkè kòtò tí ẹyinjú jókòó sí ni, àti ẹ̀yìn agbárí. Àwọn kan ní ihò wínníwínní níbẹ̀ bíi ti kànìnkànìn. Nínú agbárí ọmọdé, mùdùnmúdùn egungun wà tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, mùdùnmúdùn náà á wú kó lè ṣiṣẹ́ sí i, á ti egungun òde títí yóò fi fẹ́lẹ́ tí yóò sì lu. Lára àgbàlagbà, etí ihò wọ̀nyí sábà máa ń kúnjú, èyí tó fi hàn pé ìgbà èwe ló ṣẹlẹ̀, ara sì ti ń tún un ṣe láti ìgbà náà.

Frank Saul rí púpọ̀ irú rẹ̀ nínú egungun tí wọ́n wú ní Altar de Sacrificios, létí odò Pasión ní Guatemala. Ní 1972 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì tún fura sí àìtó fítámì C nínú àwọn egungun kan. Àlàyé tó gbilẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé àgbàdo kò ní èròjà irin tó, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kò fi tó. Ní 2009, Phillip Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta kò ó. Wọ́n ní tí irin kò bá sí, mùdùnmúdùn kò lè rí nǹkan fi ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́, báwo ni yóò ṣe wú? Wọ́n tọ́ka sí àìtó fítámì B12, tí ẹran àti ẹja ń fúnni, pẹ̀lú aràn inú àti ìgbẹ́ gbuuru tí kò jẹ́ kí oúnjẹ ṣe ara lóore. Àwọn mìíràn dá wọn lóhùn pé irin náà ṣì lè jẹ̀bi. Ní tèmi, ihò wọ̀nyí ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí kò tó nígbà kan, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rí wọn mọ.

Ṣé kì í ṣe fòníkú-fọ̀ládìde ni? Àbí ibà tí ẹ̀fọn ń fà?

Ìbéèrè gidi nìyí láti ẹnu ọmọ Yorùbá, nítorí pé nílé wa, ohun tí èèyàn á kọ́kọ́ rò nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò bá tó. Ṣùgbọ́n kò sí fòníkú-fọ̀ládìde ní Amẹ́ríkà kí ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó tó débẹ̀. Òwò ẹrú tó kó àwọn èèyàn wa kọjá òkun ló gbé e lọ, òun àti irú ibà tó burú jù lọ tí a mọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ Máyà tó kú ní ọdún 700 kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Egungun ẹsẹ̀ àti apá ńkọ́?

Ẹ́síréè máa ń fi ìlà funfun tó dábùú han nínú egungun gígùn, níbi tí ìdàgbàsókè ti dúró tó sì tún tẹ̀síwájú. N kì í gbára lé e púpọ̀, nítorí egungun lè rẹ́ ẹ dànù bó ṣe ń tún ara rẹ̀ mọ. Gíga ara ni wọ́n ń lò jù. Ní 1967, William Haviland wọn egungun àwọn ará Tikal, ó sì sọ pé àwọn tí wọ́n sin sí ibojì ọlá ga ju mẹ̀kúnnù lọ, àti pé gíga àwọn ọkùnrin lọ sílẹ̀ ní apá ìgbẹ̀yìn ìgbà ògo ìlú náà. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní ká ṣọ́ra. Ilẹ̀ olóoru tó tutù níbẹ̀ ń jẹ egungun run, ó sábà jẹ́ àfọ́kù ni wọ́n ń rí, ti ọmọdé sì ń tètè yòrò ju ti àgbà lọ. Ìdí rèé tí eyín fi ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀: nínú ibojì tí kò ti sí egungun kankan tó ṣe é dì mú mọ́, eyín lè jókòó síbẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n sin ín.

Ṣé àgbàdo ló pa wọ́n lára?

Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ àgbàdo di ohun ọ̀gbìn, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn Máyà sì gbé ayé wọn lé e. Kábọ̀nù, èròjà tí oúnjẹ ń fi sínú egungun wọn, jẹ́rìí sí i. Wọn kì í kàn lọ̀ ọ́ lásán. Wọ́n á sè é pẹ̀lú ẹfun tí wọ́n fi iná sun, omi ẹfun náà á tú fítámì tó há sínú àgbàdo sílẹ̀, á sì fi kálísíọ̀mù kún un. Ọgbọ́n ńlá ni. Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó gba àgbàdo láìgba ọgbọ́n yìí rí àrùn pẹ́lágrà tó bá awọ ara àti iyè jà.

Síbẹ̀, èròjà amúaradàgbà inú àgbàdo kò pé. Àgbà tó fi ẹ̀wà, ẹran ìgbẹ́ àti ẹ̀fọ́ tì í kò ní ìṣòro púpọ̀. Ọmọ kékeré tí ikùn rẹ̀ kò gbà ju ife kan lọ ni ìṣòro wà fún. Ohun mímu àgbàdo tí wọ́n ń fún ọmọ níbẹ̀ kò jìnnà sí ògì wa: ó ń yóni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ara. Àgbàdo yìí kan náà ló sọdá òkun wá bá wa lẹ́yìn 1500. Ní àwọn ọdún 1930, ní ilẹ̀ Gánà òde òní, Cicely Williams, dókítà obìnrin, rí àwọn ọmọ tí wọ́n gbà lọ́mú nítorí àbúrò tó dé, tí ẹ̀kọ àgbàdo nìkan di oúnjẹ wọn, tí ara wọn wú tí irun wọn sì pọ́n. Èdè Gã ló ti mú orúkọ tó fi pe àrùn náà: kwaṣíókọ̀.

Ìgbà wo ni àwọn Máyà ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ gan-an?

Díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì pẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, bíṣọ́ọ̀bù Diego de Landa kọ ọ́ nípa Yucatán pé ọmọ a máa mu ọmú títí dé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ̀rí tó wù mí jù wá láti Kaminaljuyú, ìlú Máyà àtijọ́ tó wà lábẹ́ olú ìlú Guatemala òde òní. Lori Wright àti Henry Schwarcz wọn kábọ̀nù àti ọ́síjìn inú ẹ́námẹ́lì, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1998. Kábọ̀nù ń sọ ìgbà tí àgbàdo wọ ẹnu ọmọ. Ọ́síjìn ń sọ ìgbà tó ṣì ń mu omi ara ìyá rẹ̀ nínú wàrà. Wọ́n rí i pé àgbàdo ti dé ẹnu ọmọ kó tó pé ọdún méjì, ṣùgbọ́n ọmú kò tíì kúrò, ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn náà. Ìyá wọ̀nyí kò já ọmọ lẹ́nu ọmú lójijì. Wọ́n ń fi ọmú ti oúnjẹ lẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹni tí ìlà pọ̀ jù lára eyín rẹ̀ ni ìyà jẹ jù?

Rárá o. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ nìyí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ mẹ́ta nínú agbo ilé kan, tí àrùn kan náà wọ ilé náà. Ọmọ kìíní kò kó o, eyín rẹ̀ mọ́. Ọmọ kejì kó o, ó jìyà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì yè é: ìlà jókòó sí eyín rẹ̀. Ọmọ kẹta kó o, ó kú ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ́námẹ́lì tó ráyè dẹwọ́. Eyín tirẹ̀ náà mọ́. Ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn náà, olùwádìí gbé eyín mẹ́ta sórí tábìlì. Ti ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe àti ti ọmọ tí àrùn pa jọra. Ẹni tó ní àpá ni ẹni tó bá ikú jà tó sì borí.

James Wood àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní 1992, ó sì da ìmọ̀ egungun rú. Kí wọ́n tó sọ ọ́, bí ìlà bá pọ̀ ní ìlú kan, wọ́n á ní ìlú náà ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di dandan láti bèèrè bóyá ìlú tí ìlà pọ̀ ni ìlú tí wọ́n ti mọ ọmọ tọ́jú dé ibi tí yóò fi yè. Ọ̀kan nínú ọ̀nà àbáyọ ni kí a wo ọjọ́ orí tí wọ́n kú. Tí àwọn tó ní ìlà bá ń kú ní kékeré ju àwọn tí kò ní lọ, a jẹ́ pé ìyà àkọ́kọ́ fi àìlera sílẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Nǹkan kan tún wà: egungun ọmọdé tí a ń wú jáde, ti àwọn tó kú ní ọmọdé ni. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tó dàgbà kò sí nínú ibojì yẹn, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ fi òkú ọmọ ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ọmọ.

Ṣé ọmọ ọlọ́lá bọ́ níbẹ̀?

Ní Copán, kò bọ́. Stephen Whittington wo eyín àwọn mẹ̀kúnnù, Storey wo ti àwọn tó gbé ní Las Sepulturas, níbi tí àwọn ìdílé ńlá kọ́ ilé òkúta sí. Ìlà wà lára eyín ti ìhín àti ti ọ̀hún. Omi tí kò mọ́ kò mọ ilé olówó yàtọ̀. Mo máa ń ro ti ìyá kan nínú ilé olókùúta yẹn tí ó ní ìránṣẹ́, tó ní aṣọ òwú, tí ó sì jókòó lóru ti ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.

Ṣé dídè tí wọ́n ń de orí ọmọ náà kì í ṣe ìyà?

Wọ́n a máa fi pákó di orí ọmọ tuntun kó lè gba ìrísí tí wọ́n fẹ́, bí àwa náà ṣe ń fọwọ́ tẹ orí ọmọ nígbà ìwẹ̀ kó lè dáa. Àṣà ẹwà àti ti ìdánimọ̀ ni. Vera Tiesler, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìjọba ní Yucatán, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ wa ni pé dídè yẹn lè yí ojú egungun agbárí padà, olùwádìí sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má pe àmì pákó ní àmì àìtó ẹ̀jẹ̀. Bákan náà ni àgbàlagbà tó rẹ́ etí eyín rẹ̀, tàbí tó lu ojú eyín iwájú láti fi òkúta jéèdì há a: ibi tí ìlà ìgbà èwe ì bá ti hàn gan-an ló gbẹ́ kúrò.

Ṣé a lè mọ̀ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ọmọ náà?

Egungun ọmọ tí kò tíì bàlágà kì í sábà sọ ọ́. DNA ń sọ ọ́. Ní 2024, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 64 láti inú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan ní Chichén Itzá, ìlú Máyà àtijọ́ kan ní Yucatán, tí wọ́n ti rí láti 1967. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́, ìbejì tí ojú wọn jọra sì wà ní méjì-méjì lọ́nà méjì nínú wọn.

Ṣé ebi ló tú àwọn ìlú ńlá ká?

Ìtàn tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé èèyàn pọ̀ jù, ilẹ̀ ṣá, ebi dé, ìlú tú. Lori Wright lọ wo egungun láti agbègbè Pasión, níbi tí Altar de Sacrificios, Seibal, Dos Pilas àti Aguateca wà. Tí ìtàn yẹn bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí oúnjẹ burú sí i, kí àmì àìsàn sì máa pọ̀ sí i bí ìparí ṣe ń sún mọ́. Kò rí i bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, kò sì sí ìdíbàjẹ́ kan tó bá gbogbo wọn rìn. Ogun ni ẹ̀rí tó hàn kedere ní agbègbè yẹn: wọ́n kọlu Aguateca ní nǹkan bí 810, wọ́n sì dáná sun ún, àwọn ará ìlú sá fi ohun èlò ilé sílẹ̀. Ọ̀dá náà kó ipa tirẹ̀ ní ibòmíràn. Àwọn ọmọ ti ń jìyà tipẹ́tipẹ́ kí ìlú tó tú, nígbà tí ọba ṣì ń gbé òkúta àkọlé kalẹ̀.

Àwọn Máyà òde òní kúrú. Ṣé kì í ṣe àbímọ́ wọn ni?

Ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Nígbà ogun abẹ́lé Guatemala, ọ̀pọ̀ ìdílé Máyà sá lọ sí Amẹ́ríkà láti ìparí àwọn ọdún 1970. Barry Bogin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ọmọ wọn 431, àwọn ọlọ́dún 5 sí 12, ní 1999 àti 2000, wọ́n sì fi wọ́n wé 1,347 tí wọ́n wọ̀n ní Guatemala ní 1998. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà fi sẹ̀ǹtímítà 11.54 ga ju àwọn tó wà nílé lọ. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Omi mímọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oúnjẹ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ló yàtọ̀. Ní Guatemala, ìwádìí ìjọba ti 2014 sí 2015 ṣì fi hàn pé 46.5% àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n kúrú ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn lọ, ti àwọn ọmọ Máyà sì burú jù bẹ́ẹ̀.

Nínú sẹ̀ǹtímítà 11.54 yẹn, 6.83 wà nínú ẹsẹ̀ nìkan. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ ọmọ láyé ni ẹsẹ̀ ń yára gùn jù, àwọn ọdún kan náà tí ẹ́námẹ́lì ń tò sára eyín tó fara pamọ́ sínú èrìgì.